Ṣé Ìtìjú Ni, Tàbí Ìbẹ̀rù?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ dá sílẹ̀ láàárín ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a gbé e mì: àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ní ọdún 2022 nìkan, nǹkan bí 350,000 obìnrin ni ó pa káàkiri ayé.

Ní àsàlátù kan tí a wà, nọ́ọ̀sì kan wá ṣàlàyé àyẹ̀wò àrùn yìí. Nígbà tí ó béèrè ẹni tí yóò ṣe é, àwọn ìyá wa dorí kodò. Ṣùgbọ́n bí a ti ṣe àdúà tán, mẹ́ta nínú wọn yọ́ tẹ̀lé e lọ sẹ́yìn mọ́sáláṣí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa léèrè: ṣé ìtìjú tí ẹ̀sìn kọ́ wa ni ó mú wọn dorí kodò, tàbí ìbẹ̀rù ohun tí aráyé yóò wí?

Ìtìjú ní àyè ńlá nínú ẹ̀sìn wa. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Mẹdínà a máa béèrè ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù lọ́wọ́ Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ìyá wa Aishat sì yìn wọ́n pé ìtìjú kò dí wọn lọ́wọ́ ìmọ̀. Ìtìjú tòótọ́ a máa ṣọ́ ẹni ni. Èyí tí ó mú obìnrin fi ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára rẹ̀ pamọ́ títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ sórí, kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbẹ̀rù náà ní orísun. Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò HPV tó ń fa àrùn yìí ń gbà ranni, nítorí náà ni àwọn kan ṣe rò pé alágbèrè ni ẹni tí wọ́n bá bá a lára rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni ó ń ràn. Ó lè fara pamọ́ fún ọdún púpọ̀, ó sì lè ti wà lára ọkọ kí ìgbéyàwó tó wáyé. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara fúnra rẹ̀ a lé e lọ láàárín ọdún méjì. Ẹ̀sìn wa béèrè ẹlẹ́rìí mẹ́rin kí a tó fi ẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin. Ìwé àyẹ̀wò kò tó ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ọkọ tó bá fi í dá ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́ ti ṣe àbòsí.

Àwọn mìíràn a ní, “Kò sí ohun tó ń ṣe wá, Ọlọ́hun ni aláàbò.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a gbọ́ ìtàn ọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ ràkúnmí rẹ̀: okùn ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ so ó, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Àrùn yìí sábà máa ń lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ, kì í sì í dunni ní gbogbo ìgbà náà. Àyẹ̀wò ni ó lè rí i, kí wọ́n sì mú un kúrò. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá ní HIV, ní ọdún 25. Ó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí obìnrin ẹgbẹ́ òun ṣe é fún òun. Irú kan tilẹ̀ wà tí obìnrin lè fọwọ́ ara rẹ̀ gba ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò.

Fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà láti oṣù kẹwàá ọdún 2023. Abẹ́rẹ́ kò kọ́ ọmọ ní ìṣekúṣe, gẹ́gẹ́ bí àgádágodo kò ti ń pe olè.

Ẹ̀yin baba, àmánà ni ìyàwó àti ọmọ lọ́wọ́ wa. Ẹ fún wọn lówó ọkọ̀. Ẹ bá wọn lọ. Àwọn ìyá mẹ́ta ọjọ́sí gba ẹ̀yìn mọ́sáláṣí. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a rí ọjọ́ tí wọn yóò lè gba iwájú. Àmín.