Igbá Olóore àti Ife Agbọ́tí

Àwọn àgbà a máa wí pé igbá olóore kì í fọ́, àwo olóore kì í fàya. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí gẹ́gẹ́ bí àdúrà, tí mo sì ń ṣe àmín sí i, láìjókòó rò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá gbé ilé tí igbá ti ń wọlé, tí ó ń jáde, mọ̀ pé igbá tí àdúgbò ń yá lò ni ó ń tètè fọ́; igbá ahun a máa pẹ́ lórí àjà. Kí wá ni àwọn àgbà ń sọ? Ilé ọtí kan ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, ni ìbéèrè yìí ti kọ́kọ́ mú mi lọ́kàn, ní ọdún 2014. Kí ó má baà ya ẹ̀yin òǹkàwé lẹ́nu pé kí ni olùkọ́ èdè Yorùbá tí kì í mu ọtí wá lọ sí ilé ọtí, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú náà ni ó fà mí lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé àwọn onímọ̀ kan tí a jọ lọ. Òtútù ọjọ́ náà kì í sì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dúró bá jà ní ìta.

Ọkùnrin tí ó ń po ọtí níbẹ̀ ni mo pè ní agbọ́tí. Àwọn tí ń ka Bíbélì mọ orúkọ náà: òun ni a fi pe ìránṣẹ́ Fáráò tí Jósẹ́fù túmọ̀ àlá fún nínú ẹ̀wọ̀n. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó ju orúkọ ẹni tí ń ta ọtí lọ. Ẹni tí ọba fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé lọ́wọ́ ni agbọ́tí. Ọkùnrin yìí yóò tó ẹni ogójì ọdún. Lórí pẹpẹ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó to àwọn ife kan sí lọ́tọ̀: ife gíláàsì kéékèèké, ẹnu wọn fẹ̀, inú wọn kò jìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí ó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékelèke. Wọ́n fín òdòdó wẹ́wẹ́ yí ara wọn ká. Ó sọ fún wa pé àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ṣe wọ́n, pé ọjà ohun àlòkù ni òun ti rà wọ́n. Mẹ́jọ ni wọ́n nígbà náà, márùn-ún ni ó kù. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ó ń fi aṣọ funfun nu ọ̀kan nínú wọn bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Mo ní kí ó fún mi ní omi ọsàn. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú ọ̀kan nínú ife márààrún náà ni ó rọ ọ́ sí? Ọkàn mi fò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá ife mìíràn fún mi, nítorí pé ọwọ́ mi kò dá mi lójú, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé èmi àlejò ni yóò sọ márùn-ún di mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ife ni òun máa ń fẹ́ gbé e lé, àti pé bí òun kò bá fẹ́ kí ènìyàn fi ẹnu kàn án, òun ìbá ti fi í sílẹ̀ nínú páálí tí òun ti rí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e mu bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. N kò rántí omi ọsàn mìíràn tí mo mu ní ọdún náà.

Ó yẹ kí n ṣe àlàyé irú ife tí a ń sọ, nítorí kì í ṣe ife omi. Ọtí àpòpọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní kọ́ktéèlì ni a ṣe é fún. Ní ọdún 1806, ìwé ìròyìn kan ní ìlú Hudson, ní ìpínlẹ̀ New York, ṣe àlàyé orúkọ yìí fún àwọn òǹkàwé rẹ̀: ọtí líle, ṣúgà, omi àti ohun kíkorò tí a pò pọ̀. Ní 1862 ni Jerry Thomas, agbọ́tí tí òkìkí rẹ̀ kàn, tẹ ìwé jáde lórí bí a ti ń po ọtí lóríṣiríṣi. Agbọ́tí a máa fi omi dídì ro ọtí yìí títí yóò fi tutù, lẹ́yìn náà ni yóò sẹ́ ẹ sínú ife, tí omi dídì yóò sì ṣẹ́kù sẹ́yìn. Nígbà tí kò ti sí omi dídì nínú ife mọ́, ooru ọwọ́ ẹni tí ó ń mu ún ni ọ̀tá ọtí náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fún ife náà ní ẹsẹ̀ gígùn, kí ọwọ́ má baà kan ikùn rẹ̀. Ìdí kan náà ni ó fi kéré. Púpọ̀ nínú àwọn ife àtijọ́ yìí kì í gbà ju nǹkan bí mílílítà 90 lọ, ìwọ̀n tí ènìyàn lè mu tán kí ó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1920 ni òfin tí ó ka ṣíṣe àti títa ọtí léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jákèjádò Amẹ́ríkà. Oṣù kejìlá ọdún 1933 ni wọ́n tó fagi lé e. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni sinimá The Thin Man jáde, níbi tí tọkọtaya kan, Nick àti Nora Charles, ti ń fi ife kékeré mu ọtí. Orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn agbọ́tí fi ń pe oríṣi kan nínú ife náà títí di òní. Lẹ́yìn náà ni ife bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1990, ife kọ́ktéèlì tí ó gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti àtijọ́ ti wà káàkiri, ọtí tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ẹni tí ó bá ń mu ún sì fi ń parí rẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ ti ń yí. Dale DeGroff, agbọ́tí ilé ọtí Rainbow Room ní New York, wà lára àwọn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ife kékeré náà padà láti ìparí àwọn ọdún 1980. N kò ní sọ pé ife ni ó ń sọ ènìyàn di ọ̀mùtí. Ṣùgbọ́n ife tí ó kéré ti bá ẹni tí ó ń mu ún sọ̀rọ̀ ìwọ̀n kí agbọ́tí tó la ẹnu. Ahá ẹmu tiwa náà ṣe iṣẹ́ yìí rí, kí ife oníke tó gba ipò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹlẹ́mu. Ohun tí a pàdánù níbẹ̀ ju ẹwà lọ.

Kí a má baà rò pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ní 1674 ni George Ravenscroft gba ìwé àṣẹ ọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí irú gíláàsì tuntun kan. Òjé tí ó wá ń pò mọ́ ọn ni ó jẹ́ kí ó mọ́ gaara, kí ó wúwo, kí ó sì máa dún bí agogo bí a bá fi ìka ta á. Ọ̀pọ̀ ife olówó iyebíye àtijọ́ ni òjé wà nínú rẹ̀, òjé sì jẹ́ májèlé. Ní 1991, ìwádìí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi hàn pé ọtí tí ó bá pẹ́ nínú ìgò olójé a máa fa òjé náà mu. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ife kò tó oṣù nínú ìgò, ṣùgbọ́n agbọ́tí yìí mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun ní ìgò olójé méjì tí òun kì í jẹ́ kí ọtí sùn mọ́júmọ́ nínú wọn. Ọwọ́ ni ó fi ń fọ ife rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń fọ abọ́ a máa mú ojú gíláàsì ṣú. Kì í sì í da omi dídì sínú èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi gbígbóná jáde, kí ó má baà sán. Ìfẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́ afọ́jú.

Ìbéèrè tí mo gbé kúrò níbẹ̀ nìyí: ohun tí a fẹ́ràn, tí ó sì lè fọ́, ṣé kí a máa lò ó ni tàbí kí a gbé e pamọ́? Àwọn tí ń gbé e pamọ́ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n á ní ife tí ó ti pé ọdún bí 90 kì í ṣe ti ẹnì kan mọ́, pé àwọn tí a kò tí ì bí náà ní ẹ̀tọ́ láti rí i. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ tí èmi gan-an ń ṣe jẹ, iṣẹ́ àkójọ àti ìpamọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ kì í ṣe ààbò tó bí a ti rò ó. Ní ìlú Corning, ní ìpínlẹ̀ New York, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí ó jẹ́ ti gíláàsì nìkan, tí wọ́n ṣí ní 1951. Ní oṣù kẹfà ọdún 1972 ni omíyalé wọ inú rẹ̀, ó sì ba ohun tí ó lé ní 500 jẹ́, láàárín gíláàsì tí kò sí ẹni tí ó ń fi mu nǹkan.

Gíláàsì kì í ṣe àjèjì sí àwa náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn ni a lò ó fún, tí kì í ṣe ẹnu. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000; ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2017 sì fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ni ó ń ṣe gíláàsì náà fúnra wọn ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí Òyìnbó tó dé. Nígbà tí mo ń kà nípa rẹ̀, ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé ohun tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ ni a ń wú níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ọba fi sọ́rùn, tí ìyá bọ́ fún ọmọ, ti bá ọrùn lọ. Pípẹ́ nìkan kò wá lè jẹ́ ẹ̀rí pé a fẹ́ràn ohun kan.

Mo ní ẹjọ́ ara mi láti rò níhìn-ín. Igbá fínfín kan wà nínú ilé wa, igbá ọlọ́mọrí ńlá tí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ fín fún ìyá ìyá mi nígbà tí ó ń lọ sí ilé ọkọ. Ejò, ẹyẹ àti alángbá ni ó yí i ká. Ìyá mi lò ó títí: ó ń fi ọmọrí rẹ̀ gbé obì fún àlejò, ó ń fi igbá náà kó ẹ̀bùn lọ sí ilé ẹni tí ó bá bímọ. Nígbà tí ìyá mi kú ní 2003, èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún un, nítorí pé èmi ni mo kàwé nípa irú rẹ̀. Ní 2008, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n mi sì wá bá mi.

“Àkànní, igbá ìyá wa ni mo wá gbà. Òun ni mo fẹ́ kí wọ́n fi kó ẹrù ìyàwó.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí fọ́ ọ ni? Ẹ jẹ́ kí n ra tuntun fún yín.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. “Ìyá wa ni mo ní kí ó tẹ̀ lé ọmọ mi lọ, ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀ igbá.” Ó yí padà, ó lọ. Mo ra tuntun, mo fi ránṣẹ́. Wọn kò lò ó.

Mo fi aṣọ we igbá náà, mo gbé e sí orí àpótí ìwé mi, n kò sì fi ọwọ́ kàn án mọ́. Ìgbà tí mo ti Amẹ́ríkà dé ni mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyẹ̀fun ni ó ń dà láti inú aṣọ. Kòkòrò ti lu igbá náà bí ajere. Ẹyẹ tí wọ́n fín sí ikùn rẹ̀ kò ní orí mọ́. Ọmọrí nìkan ni ó ṣì dára. Ní ọwọ́ ìyá mi, a ń fọ igbá yìí, a ń sá a sóòrùn, ọwọ́ ń kàn án lójoojúmọ́, bí ó bá sì sán, okùn wà láti fi rán an. Ìlò rẹ̀ gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀. Èmi tí mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀ jù ni mo gbé e fún kòkòrò jẹ.

Ẹnì kan lè sọ pé igbá kì í ṣe gíláàsì. Òótọ́ ni. Kòkòrò kì í jẹ gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni okùn kì í rán an. Ife tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀mùtí lóru ọjọ́ Sátidé ti lọ nìyẹn. N kò sì gbà pé ohun tí ó ku ẹyọ kan ṣoṣo láyé yẹ ní gbígbé kalẹ̀ fún omi ọsàn. Bí mo bá mọ̀ pé ife ọwọ́ mi ni ó gbẹ̀yìn irú rẹ̀, n óò dá a padà, ìbáà di ìjà. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ni ó ṣe àwọn ife wọ̀nyí lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ nínú páálí àwọn ará ìlú títí di òní. Ohun tí ó tilẹ̀ ṣòro fún mi jù ni ti èrè. Agbọ́tí yìí ń ta ọjà, ife àtijọ́ sì ń fa oníbàárà. Ṣé ìfẹ́ ni, àbí ọgbọ́n ìtajà? Ọ̀rẹ́ mi ní ọgbọ́n ìtajà ni. Mo ní kí ó wo ìwé owó tí wọ́n fún wa. Owó omi ọsàn lásán ni wọ́n gbà lórí tèmi. Ó ní ìyẹn kò tó ẹ̀rí. Bóyá kò tó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá èrè nìkan kò ní gbé èyí tí ó kù nínú ife rẹ̀ fún àlejò tí kò ní ra ju omi ọsàn kan lọ.

Kí a tó jáde, mo bi í léèrè bí mẹ́ta ìyókù ti ṣe fọ́. Ó ní ọ̀kan fọ́ lọ́wọ́ òun fúnra òun. Ọ̀kan, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ẹ̀kẹta, ìyá àgbàlagbà kan ni ó jù ú sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún nítorí pé ó mọ ohun tí ó jẹ́. Òun gbá àfọ́kù náà, òun po ọtí mìíràn fún ìyá náà, òun sì gbé e fún un nínú ife irú rẹ̀ gan-an.

Mo rò pé irú ẹni báyìí ni àwọn àgbà ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ igbá olóore. Wọn kò sọ pé igbá náà kò lè sán. Àwọn náà ni wọ́n ń fi okùn rán igbá. Ẹni tí ó mọ̀ pé igbá òun lè fọ́, tí ó sì gbé e fún aládùúgbò, ti bá ara rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ kí igbá tó kúrò nílé. Bí ó bá wá fọ́ lóòótọ́, àfọ́kù wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọ́ náà kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ti yọ̀ǹda tẹ́lẹ̀. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èmi ti dé ibẹ̀.

Mo gbé ọmọrí igbá náà lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò bá mi jà. Ó gbà á, ó fọ̀ ọ́, ó sá a. Nígbà ọdún Kérésìmesì tí ó kọjá, mo bá àlejò nílé rẹ̀, ọmọrí náà ni wọ́n sì fi gbé obì wá. Ó ti sán láti etí kan dé àárín, wọ́n ti fi òwú dúdú rán an. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ ni ó gbé e, eré ni ó sì ń sá bọ̀ láti ilé ìdáná. Mo la ẹnu láti sọ fún un pé kí ó rọra. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo mú obì kan.