Ta Ni Ó Ni Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì?

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1963 tí ilé iṣẹ́ Philips ti gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde, ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lè fi ọwọ́ gba ẹyin náà kí ó tó balẹ̀. Ta ni ó wá ni ín?

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ olórin BLO ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1972 ni Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu dá a sílẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn sọ ọ́ lórúkọ. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú gìtá àti ìlù líle. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973, ṣùgbọ́n òkìkí wọn kò tó ti Fẹlá àti àwọn olórin jùjú. Àwo wọn wà síbẹ̀. Eré alẹ́ ọjọ́ kan lórí ìtàgé kò sí nínú àwo.

Ká ní olólùfẹ́ wọn kan ní Ungwan Rimi, ní Kaduna, ní kásẹ́ẹ̀tì irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí, tí kò sì gba àṣẹ kí ó tó gba ohùn náà sílẹ̀. Àwọn kan yóò ní olè ni, nítorí pé òfin Nàìjíríà fún òṣèré ní àṣẹ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù: òun ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó sanwó ìwọlé.

Èrò tèmi yàtọ̀. Owó ìwọlé ra gbígbọ́. Kò ra ohùn. Síbẹ̀, ẹni tí ó rí ewúrẹ́ aládùúgbò tí ó ṣìnà, tí ó so ó mọ́lẹ̀, kì í ṣe olè. Ọjọ́ tí ó bá tà á ni ó di olè. Bí ó bá sì so ó títí ebi fi pa á kú ńkọ́? Ike tín-ín-rín tí a fi lẹ́búlẹ́bú irin kùn ni kásẹ́ẹ̀tì. Ooru àti eruku ń bà á jẹ́, eruku ọyẹ́ kì í sì í ṣe àlejò ní Kaduna. Ẹni tí ó fi í pamọ́ títí ó fi bàjẹ́ ti pa ewúrẹ́ onílé, bí kò tilẹ̀ jẹ ẹran rẹ̀.

Nítorí náà, kí ó wá àwọn olórin náà tàbí àwọn ajogún wọn lọ, kí ó fi ẹ̀dà rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní kí aráyé gbọ́ ọ, ìdùnnú ni. Bí wọ́n bá kọ̀, bóyá nítorí pé eré alẹ́ náà kò dára lójú wọn, kí ó gbà fún wọn. Ìfẹ́ orin kò sọ wá di olóhùn.