Ẹjọ́ Àkókó Orí Òkè

Bí ènìyàn bá ṣe ibi nítorí pé kò mọ̀, ǹjẹ́ a lè dá a lẹ́bi? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò yára dáhùn pé ẹni tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi. Ìdáhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìtàn ẹyẹ kan tí ó gbé orí òkè ilẹ̀ Mẹ́síkò fi hàn pé kò yẹ kí a tètè gbà á.

Àkókó ni ẹyẹ náà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà sí oko tí kò mọ irú rẹ̀: bí a bá ti gbọ́ kó-kó-kó lára igi, a ti mọ ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ti Mẹ́síkò yìí ju ti oko ilẹ̀ Yorùbá lọ fíìfíì. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà, kò sì sí àkókó mìíràn ní gbogbo ayé tí ó tóbi tó o. Ara rẹ̀ dúdú, funfun wà ní ìyẹ́ apá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì funfun bí eyín erin. Ìyẹ́ orí akọ pupa ní ẹ̀gbẹ́. Ti abo dúdú, ó sì ká síwájú. John Gould, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1832. Campephilus imperialis ni wọ́n ń pè é. Apá kejì orúkọ náà fi í wé ọba.

Sierra Madre Occidental ni òkè tí ó gbé, nínú ògbólógbòó igbó igi páìnì, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju 2,000 mítà lọ. Igi tí ó ti kú tàbí tí ó ń kú lọ ni ó sábà máa ń bọ́ èèpo rẹ̀, nítorí pé inú irú igi bẹ́ẹ̀ ni ìdin ńláńlá tí ó ń jẹ pọ̀ sí. Wọn a máa kó ara wọn jọ bí ẹbí, wọn a sì máa padà sí ìdí igi kan náà lọ́jọ́ dé ọjọ́ títí oúnjẹ ibẹ̀ yóò fi tán. Òkú igi kì í pọ̀ lójú kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ṣírò pé takọtabo kan nílò igbó tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 26.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, iṣẹ́ gẹdú gbilẹ̀ lórí òkè náà, àwọn igi ńlá tí ẹyẹ yìí gbójú lé sì ń wó lulẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ náà a máa yìnbọn fún un: àwọn kan ń pa á jẹ, àwọn kan ń fi í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù ni ìròyìn tí Tim Gallagher, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń wá ẹyẹ kiri, gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà ibẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún: pé òṣìṣẹ́ igbó kan sọ fún wọn pé ẹyẹ yìí ń ba gẹdú olówó iyebíye jẹ́, ó sì fún wọn ní májèlé kí wọ́n fi kun ara igi tí ó ti ń jẹun.

Ẹni tí ó bá wo ẹ̀sùn yìí dáadáa yóò rí i pé àkókó kọ́ ni ó pa igi. Kòkòrò ti wọ inú igi kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹnu àkókó ni ó tú àṣírí ohun tí ó wà lábẹ́ èèpo. Ó dà bí ìgbà tí a bá lu ẹni tí ó figbe ta pé olè ti wọlé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àkókó kò ní ẹnu tí yóò fi rojọ́. Èyí tí ó ní, igi ni ó fi ń gbẹ́. Ṣùgbọ́n òwe yìí kan náà kò ní jẹ́ kí a sáré dá òṣìṣẹ́ igbó náà lẹ́bi, nítorí pé ẹnu ẹlòmíràn ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó gba ohun tí ó sọ gbọ́ tọkàntọkàn: ó rí ihò, ó rí ẹyẹ lẹ́bàá ihò, ó so méjèèjì pọ̀. Bí a bá tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ó kù kí a béèrè bí ìmọ̀ ti jìnnà sí i tó. Ọdẹ tí ó rí ewé tí ń mì, tí kò pè kí ó gbọ́ bóyá ènìyàn ni yóò dáhùn kí ó tó yìnbọn, kò lè fi àìmọ̀ gbèjà ara rẹ̀. Igi ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́ igbó. Bí ó bá fi àáké la ẹyọ kan wò, ìdin ibẹ̀ ìbá jẹ́rìí. Àìmọ̀ ẹni tí ìmọ̀ wà lábẹ́ àáké rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àìfẹ́-mọ̀, pàápàá nígbà tí àìmọ̀ náà bá ń mú owó wọlé fún ẹnìkan.

Ti àwọn tí a fún ní májèlé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín igbó yẹn ni wọ́n ń gbé, ojú wọn sì ti rí ẹyẹ náà lórí òkú igi. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá fi májèlé náà kun igi, kì í ṣe pé kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní àṣẹ lẹ́nu ni ó bo ohun tí ojú tirẹ̀ ti rí mọ́lẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kò tó ti ẹni tí ó gbé májèlé wá, nítorí pé kò rọrùn fún tálákà láti já aláṣẹ níyàn. Síbẹ̀ a kò lè pe ìyẹn ní àìmọ̀.

Ẹnìkan sì wà tí ó mọ̀ dájú. William Rhein, oníṣègùn eyín láti Pennsylvania, lọ sí òkè náà léraléra nítorí ẹyẹ yìí. Ní ọdún 1956, ní ìpínlẹ̀ Durango, ó jókòó sórí ìbaaka, ó sì fi kámẹ́rà ya abo kan. Fíìmù náà kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 85 lọ. Ó kà á sí iṣẹ́ tí kò dán, ó fi í pamọ́. Ọdún 2011 ni Yunifásítì Cornell tó gbé e jáde fún aráyé. Láti 1956 yẹn, ẹnikẹ́ni kò tún rí ẹyẹ náà pẹ̀lú ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì. Nínú fíìmù ọ̀hún, abo àkókó náà ń gun ìtì igi páìnì, ìyẹ́ orí rẹ̀ ń mì, ó ń kan igi, lẹ́yìn náà ó fò lọ. Ní ọdún 2010, Gallagher àti Martjan Lammertink fi fíìmù yìí wá ibi tí a ti yà á. Wọ́n rí ibẹ̀. Wọ́n rí àwọn arúgbó tí ó ṣì rántí ẹyẹ náà; ẹyẹ ni wọn kò rí.