Àfikún Iṣẹ́ Ìwádìí: Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ẹ̀rí?

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ ilé ayé mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Ìfáárà, àlàyé àti àgbálọgbábọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà. Lẹ́yìn wọn ni àfikún máa ń wà: àtẹ òǹkà, ìbéèrè tí a bi àwọn ènìyàn, ìṣirò gígùn, ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí olóòtú fi ìṣọ́ra yẹ ara àpilẹ̀kọ wò, kí ó sì jẹ́ kí àfikún kọjá lọ bẹ́ẹ̀?

Àṣà àwọn jọ́nà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò dọ́gba. Àfikún tí a tẹ̀ pọ̀ mọ́ àpilẹ̀kọ a máa rí ìtọ́jú: a ó fún un ní lẹ́tà, Àfikún A, Àfikún B, àtẹ inú rẹ̀ a máa jẹ́ Àtẹ A1, Àtẹ A2, a ó sì rí i dájú pé àpilẹ̀kọ dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, fáìlì ọ̀tọ̀ ni a ń kó ọ̀pọ̀ àfikún sí. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ni ó sì kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé bí òǹkọ̀wé bá ti fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ ni àwọn yóò gbé e jáde, àwọn kò ní tún un ṣe. Ní 2010, Journal of Neuroscience tilẹ̀ kéde pé òun kò ní gba irú àfikún bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ẹrù náà ti wúwo jù fún àwọn olùyẹ̀wò.

Àwọn tí ó fara mọ́ àṣà àìtúnṣe kò ṣàìní àwíjàre. Wọ́n ní owó àti àkókò kò tó. Wọ́n ní díẹ̀ nínú òǹkàwé ni ó ń ṣí àfikún wò. Wọ́n ní òǹkọ̀wé ni ó ni òǹkà rẹ̀, kí àṣìṣe rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí kò ní olùṣọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ jíìnì jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Jíìnì kan wà tí àwọn onímọ̀ sọ ní SEPT2. Òmíràn ń jẹ́ MARCH1. Bí a bá tẹ irú orúkọ wọ̀nyí sínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà náà a máa rò pé ọjọ́ inú oṣù ni wọ́n: SEPT2 a di ọjọ́ kejì oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, MARCH1 a di ọjọ́ kìíní oṣù Máàṣì. MARC1, tí ó jẹ́ jíìnì mìíràn pátápátá, a di ọjọ́ kìíní oṣù Máàṣì kan náà. Kò sí bí òǹkàwé yóò ti mọ èwo ni èwo mọ́. Láti 2004 ni àwọn onímọ̀ ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Síbẹ̀, Ziemann, Eren àti El-Osta fi hàn nínú Genome Biology ní 2016 pé, nínú àpilẹ̀kọ 3,597 tí àkójọ orúkọ jíìnì wà nínú àfikún wọn, 704 ni ó ní irú àṣìṣe yìí. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Nígbà tí ó di 2020, ìgbìmọ̀ tí ń sọ jíìnì lórúkọ kéde pé SEPT2 ti di SEPTIN2, MARCH1 sì ti di MARCHF1. A kò lè dá ẹ̀rọ lẹ́kun, ni a bá pa orúkọ dà.

Àṣìṣe ti ènìyàn náà wà. Ní 2013, nínú fáìlì àfikún àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde nínú Organometallics, a bá ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan kọ sí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, pé kí ó kàn hùmọ̀ èsì àyẹ̀wò kan. Ohun yòówù tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà kọjá níwájú olùyẹ̀wò àti olóòtú, kò sí ẹni tí ó dá a dúró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé.

Ǹjẹ́ ojútùú rẹ̀ ni pé kí olóòtú wọ inú àfikún, kí ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Àtúnṣe ni Excel ń ṣe nígbà tí ó ba orúkọ jíìnì jẹ́, ọwọ́ olóòtú náà sì lè ṣe irú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba orin sílẹ̀ lẹ́nu àgbà Èkìtì, tí ó kọ “ulé” sínú àfikún bí ó ti gbọ́ ọ, tí olóòtú sì sọ ọ́ di “ilé” kí ó lè bá Yorùbá àjùmọ̀lò mu, ó ti tún èdè ṣe, ó sì ti ba ẹ̀rí jẹ́. Bí ó bá tún yọ àmì ohùn kúrò, tí ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ wá rí bákan náà lójú ìwé, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá àgbẹ̀ ni orin náà ń kì tàbí jagunjagun.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ó wà, kò sì yẹ kí a dà wọ́n pọ̀. Ètò ni èkíní: lẹ́tà àti nọ́ńbà àfikún, àkọlé àtẹ, bí a ti ń kọ ìwọ̀n. Olóòtú lè tún èyí ṣe láìbẹ̀rù. Ẹ̀rí ni èkejì: òǹkà, orúkọ, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yí èyí padà láìbi òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n kí olóòtú kà á, kí ó wò bóyá ó bá ohun tí àpilẹ̀kọ sọ mu, kí ó sì béèrè ohun tí ó bá rú u lójú. Bí agbára jọ́nà kan kò bá ká èyí, ó sàn kí ó gba àfikún díẹ̀ tí ó lè kà ju kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ọ̀pọ̀ tí kò ṣí wò.

Òǹkọ̀wé ni ẹrù náà kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀, nítorí òun nìkan ni ó mọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́. Ẹni tí yóò lo iṣẹ́ náà lẹ́yìn ogún ọdún lè má mọ òǹkọ̀wé, ó lè má mọ olóòtú. Ohun tí ó bá bá nínú àfikún ni yóò gbà ní òtítọ́, orí rẹ̀ ni yóò sì kọ́ ilé tirẹ̀ lé.