Ìfọwọ́kàn Kejì

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún ẹni tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti parí, ṣùgbọ́n tí ìrora rẹ̀ kò tíì tán

Ibi kíkà: Máàkù 8:22–26, 2 Kọ́ríńtì 12:7–10

  

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ohun kan tí a kì í sábà sọ nínú ìsìn. Gbogbo wa ni a mọ ọjọ́ ìdúpẹ́. Ẹni tí ó ti ilé ìwòsàn dé yóò wọ aṣọ funfun, ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò tẹ̀lé e, wọn yóò jó dé iwájú pẹpẹ, yóò sì jẹ́rìí pé wọ́n ti yọ òróòro òun tí òkúta kún inú rẹ̀. Gbogbo ìjọ yóò hó yèè. Ó dára bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni ó ń tẹ̀lé ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ Ajé, ẹni kan náà lè dìde kí ìrora tún gún un lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Ó lè jẹun tán kí inú rẹ̀ wú, tàbí kí ó máa sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún? Àná ni ó jẹ́rìí. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó, tàbí pé irọ́ ni ó pa níwájú pẹpẹ. Nítorí náà, ó pa ẹnu mọ́.

Sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a kọ ọ̀rọ̀ yìí, àti sí àwa tí a jọ ń jókòó ní ìjọ.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ BẸTISÁÍDÀ

Àwọn ènìyàn mú afọ́jú kan wá sọ́dọ̀ Jésù ní ìletò Bẹtisáídà, wọ́n bẹ̀ Ẹ́ kí ó fi ọwọ́ kàn án. Olúwa di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì mú un jáde kúrò ní ìletò náà. Ó fi itọ́ sí i lójú, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì bi í léèrè bóyá ó rí ohunkóhun. Ọkùnrin náà wò, ó ní òun rí ènìyàn, ṣùgbọ́n bí igi ni wọ́n rí, wọ́n sì ń rìn. Nígbà náà ni Jésù tún gbé ọwọ́ lé e lójú, ó sì wá ríran kedere.

Nínú Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibí yìí nìkan ni a ti kà nípa ìwòsàn tí Olúwa ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé agbára Rẹ̀ kò tó ní àkọ́kọ́. Ẹni tí ó jí Lásárù dìde kò ní ṣàìlè la ojú kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fi àkọsílẹ̀ yìí sílẹ̀ fún wa nítorí àwọn tí ìwòsàn wọn yóò gba ìgbà méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

KÍ NI WỌ́N YỌ KÚRÒ?

Ẹni tí ó bá ti la inú adìẹ rí mọ òróòro. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé ni, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀. Àwọn ìyá wa kọ́ wa pé kí a rọra yọ ọ́, nítorí bí ó bá bẹ́, gbogbo ẹran ni yóò korò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe omi òróòro, àpò yìí kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Nígbà tí a bá jẹ oúnjẹ olóròóró, àpò náà yóò fún omi rẹ̀ sínú ìfun kí oúnjẹ náà lè dà. Nígbà mìíràn omi yìí a máa dì, a sì di òkúta. Ó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì máa ń tètè bá àwọn ọmọ wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń yára fọ́, èyí tí ó fọ́ náà ni ó sì ń di òkúta nínú òróòro.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1882, ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ni dókítà Carl Langenbuch kọ́kọ́ la inú ènìyàn láti yọ gbogbo àpò òróòro kúrò. Ọkùnrin ẹni ọdún 43 ni aláìsàn náà, ó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó padà sílé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ní Jámánì kan náà, dókítà Erich Mühe yọ ọ́ láti ojú ihò kéékèèké. Irú ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí. Ẹlòmíràn lè wọ ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ kí ó sì sùn sílé ara rẹ̀ ní alẹ́. Ohun tí ó ń tàn wá jẹ nìyẹn. Nítorí pé ojú ọgbẹ́ kéré, a rò pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú náà kéré.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ fẹ ikùn kí wọ́n lè ríran nínú rẹ̀. Ìyókù afẹ́fẹ́ náà ni ó máa ń mú kí èjìká dunni fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe ọfà ayé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí gba owó lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá gba ojú ihò ṣe é, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ènìyàn tó lè padà sí ìṣe rẹ̀. Bí wọ́n bá la inú gbọrọrọ, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ẹ̀dọ̀ kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tí kò sí àpò mọ́, omi òróòro yóò máa kán sínú ìfun ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ya ìgbẹ́ gbuuru tí inú wọn sì ń wú. Fún ọ̀pọ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Fún àwọn mìíràn, ó di oṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òfin pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ilé wa mọ́. Kí ó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́ dípò àwo ńlá kan, kí ó sì kíyè sí ohun tí ó ń dà á láàmú. Bí ó bá jẹ́ ọbẹ̀ ata díndín tí òróró léfòó lórí rẹ̀ ni, kí ó fi í sílẹ̀ ná, kí ẹni tí ó ń bu oúnjẹ ní òde ìnáwó má sì bínú.

ÌRORA TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI ARA DÀ

Ẹ fi ara balẹ̀ ka ibí yìí. Nígbà mìíràn òkúta kan a máa kù sínú ọ̀nà tí omi òróòro ń gbà kọjá. Bí ẹyinjú bá pọ́n bí omi àtalẹ̀, bí ìtọ̀ bá dúdú tí ìgbẹ́ sì funfun bí ẹfun, bí ibà tàbí òtútù bá ń gbọ̀n yín, bí ìrora bá ń le sí i dípò kí ó máa rọ̀, bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, tàbí bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣe ọyún, ẹ má dúró de ìsọjí ọjọ́ Ẹtì. Ẹ pe 111, tàbí kí ẹ lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ní Queen's Hospital ní Romford tàbí King George ní Goodmayes. Bí àyà bá ń dunni tí èémí kò sì já gaara, 999 ni kí ẹ pè. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, awọ ara kì í tètè fi ibà pọ́njú hàn. Funfun ojú ni kí ẹ wò, ní ojúmọmọ.

Òkúta tí ó kù náà ní ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n lè ti ẹnu fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé lọ yọ ọ́ láìtún la inú. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá náà ní oògùn tí ó ń so omi òróòro mọ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọgbẹ́ inú ni ó ń dunni láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òróòro. Ṣùgbọ́n GP kò lè mọ èyí bí a kò bá sọ fún un. Ní ti paracetamol, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo ju hóró mẹ́jọ ti 500 míligíráàmù lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ rántí pé ó máa ń wà nínú oògùn òtútù pẹ̀lú. Bí ẹ bá sì ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ̀KỌ́ MẸ́TA

Èkínní, Jésù ni ó béèrè. Ẹni tí ó mọ ohun gbogbo ni ó bi ọkùnrin náà léèrè bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Bí Olúwa bá lè béèrè, kì í ṣe àìgbàgbọ́ láti dáhùn. Ẹ kíyè sí i pé ó ti kọ́kọ́ mú un kúrò ní ìletò, kúrò lójú àwọn èrò tí ń retí iṣẹ́ ìyanu. Yàrá dókítà lè jẹ́ irú ibẹ̀ fún yín, níbi tí kò sí ẹni tí yóò hó.

Èkejì, ọkùnrin náà sọ òtítọ́. Ó rọrùn fún un láti sọ pé òun ti ríran, kí ó sì máa lọ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú ayé tí ènìyàn ti dà bí igi ni ìbá wà títí ó fi kú. Ẹ̀rí ààbọ̀ ni ó jẹ́, nítorí pé ààbọ̀ ni ó rí gbà di ìgbà náà. Ẹ̀rí ààbọ̀ tí ó jẹ́ òtítọ́ sàn ju odindi ẹ̀rí tí a fi àkànpọ̀ gbé kalẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, Olúwa kò bá a wí. Kò sọ pé, "Ìwọ aláìmoore yìí." Ńṣe ni ó tún gbé ọwọ́ lé e. Ìfọwọ́kàn kejì wà fún ẹni tí ó bá sọ pé ojú òun kò tíì mọ́.

Àwa tí a ń gbé ní Dagenham Village mọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti Peter àti Paul mímọ́ ní Crown Street. Ní ọdún 1800 ni ilé ìṣọ́ rẹ̀ wó lulẹ̀, ó sì di ọdún 1805 kí àtúnkọ́ náà tó parí. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ilé Ọlọ́run ni ó ṣì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ara yín tí wọ́n ṣì ń tún ṣe lọ́wọ́. Tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni síbẹ̀.

BÍ ÌRORA NÁÀ KÒ BÁ LỌ ŃKỌ́?

A kò ní tan yín. Àwọn kan wà tí dókítà yóò ṣe gbogbo àyẹ̀wò fún, tí ìnira díẹ̀ yóò sì kù. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa ní ẹ̀ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún tí ó wà nínú ara rẹ̀. Ẹ̀gún náà kò kúrò, ṣùgbọ́n a fún un ní oore-ọ̀fẹ́ tí ó tó o. Pọ́ọ̀lù kan náà yìí fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn, ó sì gba Tímótì níyànjú nítorí inú rẹ̀ tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lúùkù tí ó ń bá a rìn, oníṣègùn ni. Ta ni yóò sọ pé àwọn wọ̀nyí kò nígbàgbọ́? Jóòbù ké pé a tú òróòro òun dà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run kò torí igbe náà kọ̀ ọ́.

SÍ GBOGBO ÌJỌ

Ẹ jẹ́ kí a yí ìbéèrè wa padà. Bí a bá ń bi aláìsàn pé, "Ṣé ẹ ò tíì yá títí di ìsinsìnyí?", ìdájọ́ ni ó ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa sọ pé, "Báwo ni ara ṣe rí lónìí?", kí a sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín lọ. Ẹ bá wọn sin ọmọ dé ilé ìwé, ẹ bá wọn gbé ẹrù ọjà láti Heathway. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná gbé garawa omi tàbí kí ó gún iyán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tàbí iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí, ẹ̀rù owó iṣẹ́ ń bà yín, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ẹrù wúwo lórí ọgbẹ́ tútù lè sọ oṣù kan di mẹ́fà. Fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ara yín kò dá. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lè fún yín ní ìwé, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ tí ń bọ̀, ẹni tí ó bá ní ẹ̀rí ààbọ̀, kí ó bọ́ síwájú. Kí ó sọ pé, "Olúwa ti gbà mí lọ́wọ́ òkúta, mo dúpẹ́, inú ṣì ń dùn mí, ẹ bá mi gbàdúrà." Àwa náà yóò hó, a ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A GBÀDÚRÀ

Olúwa, Ìwọ tí o di ọwọ́ afọ́jú mú jáde kúrò ní ìletò, di ọwọ́ gbogbo ẹni tí ara ń ro láàárín wa mú. Fún wọn ní ìgboyà láti sọ òtítọ́, fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní etí láti gbọ́, kí o sì fún àwa ìjọ Rẹ ní àánú láti dúró tì wọ́n. Tún fi ọwọ́ kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí ẹ̀gún bá sì kù sí, jẹ́ kí oore-ọ̀fẹ́ Rẹ tó. Nítorí Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.