Àkókò Tí Ẹ̀rọ Dá Sí, Ta Ló Kó O Lọ?

Ní ọdún 1930, John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó pé, ẹ̀rọ yóò ti mú iṣẹ́ yá débi pé wákàtí 15 lọ́sẹ̀ yóò tó ènìyàn. Ọdún 2030 ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ dé lóòótọ́. Ìsinmi ni a kò rí.

Ẹ wo iṣẹ́ báńkì l'Ékòó. Àwọn tó gbowó ní báńkì ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn kò lè gbàgbé tálì, àmì onínọ́ńbà: wọn a gbà á, wọn a jókòó títí akọ̀wé yóò fi yẹ lẹ́jà ńlá wò. Lónìí, kí a tó ṣẹ́jú, owó ti orí fóònù kúrò ní báńkì kan bọ́ sí òmíràn. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ báńkì máa tètè relé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù ti wà ní ibùdókọ̀ kí ládàánì tó pèrun àárọ̀. Iye owó tí wọ́n ní kó wá wọlé ń ga sí i, ọ̀gá sì ń wá a lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú. Oorun lọmọ rẹ̀ ń sùn nígbà tó ń jáde; ó ti sùn padà kó tó wọlé.

Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣẹ̀ wá. Ẹ̀rọ kò ní ojúkòkòrò, àwa ènìyàn la ní in. Bí iṣẹ́ ọjọ́ méjì bá di ti wákàtí méjì, wọn a fi iṣẹ́ mìíràn dí àyè rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá ẹnì kan dúró, kí wọ́n di ẹrù rẹ̀ lé ẹni tó kù lórí.

Ìsinmi kò fìgbà kan dédé wá. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Chicago daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ wákàtí 8 lọ́dún 1886, ẹ̀mí ṣòfò. Ibẹ̀ ni Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ ti ṣẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa náà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje.

Ohun tó bàjẹ́ ni ìwà wa. A ń yin ẹni tí kì í sùn, a sì ń ka ẹni tó sinmi sí ọ̀lẹ. Àwọn baba wa kò kórìíra iṣẹ́, síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọjọ́ kan wà nínú ọ̀sẹ̀ tí àgbẹ̀ kì í gbé ọkọ́ roko.

Ẹ̀yin ọ̀gá, bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa lọ. Wákàtí tí ẹ kò sanwó rẹ̀, tí ẹ fi dandan gbà, jíjí lẹ jí i.