Ọ̀yà Ọmọ Ìlú, Ọ̀yà Àlejò

Bí òṣìṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ gbà láti ṣiṣẹ́ ní owó pọ́ọ́kú, ṣé ẹni tí ó san án jẹ̀bi?

Ní 1927, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn ìjọba fún àwọn tí ó ti jagun rí, ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York. Agbaṣẹ́ṣe kan láti Alabama ni ó gba iṣẹ́ náà, ó sì kó lébìrà aláwọ̀ dúdú wá láti ọ̀hún, ó ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún wọn. Inú Robert Bacon, aṣòfin àdúgbò náà, kò dùn sí i. Ní 1931, òun àti James Davis ṣe òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn títí di òní: nínú iṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀yà bíríkìlà tàbí káfíńtà kò gbọdọ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń san ládùúgbò náà.

Òfin dáadáa ni lójú wa. Owó tí ebi mú ènìyàn gbà, ìyẹn kì í ṣe àdéhùn, ọba gan-an ni Jeremiah bá wí nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ (Jer. 22:13). Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ kì í gba aláwọ̀ dúdú wọlé. Owó pọ́ọ́kú yẹn ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí àlejò rí. Òfin tì í, kò ṣí òmíràn fún un.

Àwa náà ńkọ́? Bí a bá ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ń wá bíríkìlà láti Tógò tàbí Kútọnu nítorí pé tiwọn dínwó. A óò ní Ọlọ́run ló ṣe é. A kì í bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án.